X Tí Mo Kọ fún Ìwọ Nìkan

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo sì kí ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́ bí kò tilẹ̀ mọ̀ mí. Ṣé òtútù ti ń dín kù lọ́dọ̀ yín? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde nílé? Àwa wà dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní tí mo bá gbàgbé òun á mọ̀, torí òun á ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ tí o ti sọ pé o ò fẹ́ fóònù mọ́, pé lẹ́tà ni kí n máa kọ sí ọ, orí mi ti ń wú. Ìyá rẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní gbogbo ayé ń fi fóònù wo ojú ọmọ wọn, àwa nìkan lọmọ wa ní ká lọ tò sórí ìlà ra sítáǹpù. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ọmọ tó wà lókèèrè tó ní òun fẹ́ rí ìwé ọwọ́ bàbá òun, àárò ilé ló ń sọ ọ́.

Mo ṣe é bí o ṣe wí. Kò sí bírò ńbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo lò, ọ̀dà dúdú lórí páálí funfun, álífábẹ́ẹ̀tì ńlá àti kékeré. O ní kí n rí i dájú pé C, Q, V, X àti Z wà níbẹ̀. Èdè wa ò lò wọ́n, mi ò sì mọ ohun tí o fẹ́ fi wọ́n ṣe, àmọ́ mo ti kọ wọ́n sísàlẹ̀. X ló yọ mí lẹ́nu jù. Ogójì ọdún tí mo ti ń kọ pátákó, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ tó ní X nínú wá bá mi rí. X kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni X pupa tí ìjọba máa ń fi sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó, ẹni tó sì ń kọ ìyẹn ò kọ́ṣẹ́. Mo jókòó tì í, mo rò ó títí, mo wá fún un ní ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń tàpá bíi ti K mi. Ó wù mí lójú. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ X fún láyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. O rántí ọmọọṣẹ́ mi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀dà-Ọ̀gá? Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ mi kó tó gbòmìnira. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó wá gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ó dojú kọ mí gan-an. Kò sóhun tó ń kọ tí kì í ṣe ọwọ́ mi. K tó ń na ẹsẹ̀ gba abẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì kejì kọjá, tèmi ni. Àmì abẹ́ Ọ tó rí bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ já bọ́, tèmi ni. Mo kọ pátákó fún ilé ìwé tó wà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí n ó fi padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan ti kùn ún, ó ti tún un kọ látòkè délẹ̀, ó sì kọ orúkọ mi, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, sísàlẹ̀ rẹ̀. Ta tún ni ìbá jẹ́? Ó jí ọwọ́ mi, kò tó o, ó tún jí orúkọ mọ́ ọn.

Mo gbọ́ pé lọ́dọ̀ yín, ẹni tó bá jí iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíì, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Bá mi wá òfin náà, kí o fi ránṣẹ́, kí n gbé e síwájú alága ẹgbẹ́ átíìsì wa. O ṣáà ní ọ́fíìsì tó jẹ mọ́ ìwé lo ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi bàbá rẹ,
Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n

C Q V X Z


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí yín, mo kí ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdúró lórí ìlà sítáǹpù. Lẹ́tà yín ti dé. Mo fi pín-ìn-nì kan án mọ́ ògiri lókè tábìlì mi ní ọ́fíìsì, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi dúró síwájú rẹ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó fi ìka tẹ̀ lé ẹsẹ̀ X yín.

Ní ti òfin tí ẹ bèèrè, ọ̀rọ̀ náà gùn, Bàbá, kò ṣe é kó sínú àpò lẹ́tà. Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó lè ní òun ló ni K. Àwọn kan ní èèyàn lè ni í, tó bá ti jẹ́ òun ló kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń jiyàn dé àárín, lọ́yà á ní kí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán kí wọ́n padà wá. Tí ẹ bá bi èmi, ẹ fi Ẹ̀dà-Ọ̀gá sílẹ̀. Ọgbọ́n kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó ń fún èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni a ò gbọ́ rí pé wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé torí pé ó kọ K.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan méjì. Ẹ kọ òǹkà láti òdo dé ẹ̀sán fún mi. Èkejì, àmì ìbéèrè yín kò tó, àmì ìyanu tí wọ́n ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìbínú kò sì sí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi díẹ̀ nínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣàìrí nǹkan bínú sí.

Ọmọ yín ni


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi tó tọrọ ìbínú,

Mo kí ọ o. Mi ò rí irú èyí rí, àmọ́ kí ni ọmọ ẹni á tọrọ tí a ò ní fún un? Ó yá, gbà.

Ọdún 6 rèé tí o ti kúrò nílé! A ti pààrọ̀ páànù òrùlé lẹ́ẹ̀mejì, o ò rí ọ̀kan! O ní o máa fi oògùn orúnkún ìyá rẹ ránṣẹ́, ṣé ìgbín ló ń gbé e bọ̀ ni? Ọkọ ńkọ́? Mo ní ọkọ ńkọ́? Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ìyẹn á tó ọ lò. Òǹkà nìyí: 0 1 2 3 4 5 6 7 8 9. Ọjọ́ orí ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi kọ wọ́n, ó bá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Ẹgbẹ́ pè wá lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀dà-Ọ̀gá. Mo dìde, mo to ẹjọ́ mi bí ẹni to bíríkì. Mo ní ọwọ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, èèyàn kan jókòó sí iwájú mi, ó ń kọ ọ́ tà. Alága ní kí Ẹ̀dà-Ọ̀gá fèsì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Ó ní, "Ọ̀gá, ọdún mẹ́fà lẹ fi nà mí torí pé K mi ò jọ tiyín. Ó wá jọ ọ́ tán, ẹ pè mí lẹ́jọ́."

Ọmọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Nígbà tí wọ́n dé orí pátákó ilé ìwé, wọ́n bi í bóyá òun ló kọ orúkọ mi sí i, ó ní òun ni. Wọ́n ní kí ló dé, ó kàn ń wolẹ̀. Mo ní ẹjọ́ ti tán, olè tó bá ń wolẹ̀ ti jẹ́wọ́. Alága ní kí n lọ mú òfin òkèèrè tí mo ń fi halẹ̀ wá ná. Kò burú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Máa wá òfin náà o, torí ilé ìwé ti ní Ẹ̀dà-Ọ̀gá ni àwọn máa gbé iṣẹ́ tó kù fún.

Nǹkan kan kù, kì í ṣe fún ìyá rẹ. Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí kó tó wọlé dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Àárọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì, tó bá di ọ̀sán á rọlẹ̀ díẹ̀. Àárọ̀ ni mò ń kọ èyí, wàá sì rí i fúnra rẹ. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, ta ni kó sọ ọ́ fún? Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Tètè kọ̀wé sí mi, kí o sọ ohun tí n ó ṣe.

Èmi bàbá rẹ


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn. Lẹ́tà yín dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá mi ní òun ò rí ìbínú tó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀ yẹn rí.

Nǹkan kan péré ni. Ìlà mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, àwọn álífábẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò dúró dáadáa, wọ́n ń gbọ̀n. Bóyá ẹsẹ̀ tábìlì yín ni kò dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páálí há a nídìí, kí ẹ tún ìlà mẹ́jọ náà kọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wà. Mo ń retí rẹ̀ ní wàrà-wàrà. Ẹ bá mi kí ìyá mi.

Ọmọ yín ni


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti fi páálí há ìdí tábìlì. Mi ò tún ìlà kankan kọ.

Ìyá rẹ ra ọṣẹ ìfọṣọ tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá. Ó gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "O ò sọ fún mi pé o ti ń bá oníọṣẹ ṣiṣẹ́." Mo wò ó, ọwọ́ mi ni. Gbogbo ara páálí náà, bí wọ́n ṣe ń pò ó, bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ funfun, ọwọ́ mi ni wọ́n fi kọ ọ́ délẹ̀.

Mi ò wọ bàtà. Mo gbé páálí náà sọdá títì, mo jù ú sí Ẹ̀dà-Ọ̀gá láyà. Mo ní o ta mí fún aládùúgbò, mo dákẹ́, o wá lọ tà mí fún oníọṣẹ. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Ẹ̀dà-Ọ̀gá he páálí náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Orúkọ ọṣẹ náà ní X nínú. Ó fi ìka sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí ńkọ́? Ẹ ò kọ́ mi ní X."

Mi ò sọdá padà. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo jókòó sí. Òun náà ló fún mi lómi mu.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ìbéèrè kan ni mo ní, mo sì kọ àmì rẹ̀ gàdàgbà kí o lè rí i gé: báwo ni X tí mo kọ fún ìwọ nìkan ṣe dé ara páálí ọṣẹ?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Bàbá mi,

Orúnkún mi wà nílẹ̀, mi ò sì ní dìde títí n ó fi kọ èyí tán.

Èmi ni. Ilé iṣẹ́ wa ló máa ń kó ọwọ́ ìkọ̀wé sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rà á, tó bá ti tẹ K, K yín ló máa jáde. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa ní kí oníkálukú mú ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé ìkàwé, wọ́n ń ṣí ìwé àtijọ́. Èmi rántí àkàbà yín, mo rántí bí mo ṣe máa ń di agolo ọ̀dà mú nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa kọ lẹ́tà. Mo gé álífábẹ́ẹ̀tì inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi, ìlà kan ló wà níbẹ̀ fún orúkọ ẹni tó ṣe é. Mo kọ tèmi. Mo ní n ó ṣàlàyé tó bá yá. Ó yá, mi ò ṣàlàyé. Mo fẹ́ kí wọ́n pè é ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, àwọn tó ń bá wa tajà ní ìyẹn ò ní tà. Ọwọ́ Ará Oko ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni, tó kàn ń kọ ohun tó bá wù ú bó bá ṣe wù ú. Mo bá wọn jiyàn, wọ́n ní àìkọ́ṣẹ́ ló ń tà lóde báyìí.

Wọ́n ti wá gbọ́ pé bàbá mi ló ni ọwọ́ náà. Lọ́yà wọn ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tó wà nínú àpò yìí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ dá ọwọ́ yìí sílẹ̀, pé ẹ ò wò ó lára ẹnikẹ́ni, pé ẹ sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, orúkọ yín á wọlé sábẹ́ tèmi, kò sì sẹ́ni tó máa lè dà á kọ mọ́, títí kan Ẹ̀dà-Ọ̀gá. Òfin tí ẹ ní kí n wá fún yín náà nìyẹn. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní mo parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú. Lẹ́tà ìbínú yẹn, mi ò ní gé e.

Ọmọ yín ni


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ torí pé ọmọlúwàbí ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ara mi. Ìyá rẹ ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ó wo àpò rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ara mi ti dé ibi tí sítáǹpù ń wọ̀ ọ́ ni. Mo ṣí i. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, èmi ló sì ń halẹ̀ mọ́. Lọ́yà kan nílùú níbí ló ń ṣojú fún ilé iṣẹ́ rẹ. Ó ní wọ́n rí àwòrán pátákó mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ohun tó wà lára rẹ̀ jọ dúkìá àwọn, kí n pa á rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Aṣàdàkọ. Tí èèyàn bá máa bú mi, kó mú ọwọ́ tirẹ̀ wá.

Mo gbé e sọdá títì. Ẹ̀dà-Ọ̀gá ti gba tirẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń fi ẹ̀sùn wé ẹ̀sùn. Tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ ní ìlà méjì, inú mi sì dùn sí ìyẹn díẹ̀.

Mo ti ka ìwé tí o ní kí n fọwọ́ sí. Pé mi ò wò ó lára ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi, ọ̀gá mi tó ti lọ sùn ló kọ́ mi ní K tó ń tàpá. Ara agolo bísíkíìtì ni òun ti rí i. Ẹni tó kọ agolo bísíkíìtì, Ọlọ́run ló mọ agolo tí òun náà wò. Ẹ̀kán omi abẹ́ Ọ ńkọ́? Ọ̀dà ọ̀gá mi ló ṣàn jù lọ́jọ́ kan, ó kán sílẹ̀, kó sì tó mú àkísà, oníṣẹ́ ti ní kó má nù ún, pé ó wu òun. Àṣìṣe ọ̀gá mi lẹ gba lọ́yà sí. Mi ò lè fọwọ́ síwèé pé mi ò lọ́gá. Oníṣẹ́ tó bá ní òun ò lọ́gá, kí ẹ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé èmi náà ni mo pe ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́ nítorí K agolo bísíkíìtì. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú sì ń tì mí. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti tún bi í nípa pátákó ilé ìwé. Ó tún wolẹ̀. Ó wá ní èyí tí mo kọ wọ́, pé ìlà rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn, àwọn olùkọ́ sì ti ń fi ṣe ẹ̀rín. Ó ní òun gbé àkàbà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, òun kùn ún, òun tún un kọ bí mo ṣe máa kọ ọ́, òun sì kọ orúkọ mi sí i torí iṣẹ́ mi ni. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n ni? Ogún ọdún ni mo ti ń wo ọwọ́ yín. Ṣé mi ò ní mọ̀?"

Ìwọ náà rí i. O rí i pé ó ń gbọ̀n, o ní kí n há ìdí tábìlì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi lo fẹ́, ọmọ mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, o ń fi abẹ gé e. Ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ. Wá lẹ́tà oṣù kẹta jáde, tí o kò bá tíì gé e tán, kí o kà á.

Mi ò fọwọ́ síwèé. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi ni ọ́. Lọ sọ òótọ́ fún wọn fúnra rẹ, kó má di pé ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Bírò ni mo fi kọ èyí, ọwọ́ ara mi ni. Ẹ máa rí i pé kò dára, ẹ ti máa ń sọ ọ́ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gé lẹ́tà oṣù kẹta. Mo kó àwọn ègé rẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi. Ó gbà mí ní ọjọ́ ìsinmi kan gbáko. Ìlà mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn nìkan ló pé láìgé, torí pé wọn ò wúlò fún mi. Mo kà wọ́n. Mo sunkún débi pé ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wá kanlẹ̀kùn. Oṣù márùn-ún ni mo fi wo gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì inú lẹ́tà yẹn, Bàbá, mi ò ka ọ̀rọ̀ kan.

Mo ti sọ òótọ́ fún wọn. Mo sọ ti ọ̀gá yín, mo sọ ti agolo bísíkíìtì àti ọ̀dà tó kán. Lọ́yà wọn ní ìyẹn dára gan-an, pé tí kò bá ti sí ẹni tó ni í, a jẹ́ pé tàwọn ni. Wọ́n yọ orúkọ mi, wọn ò sì fi tiyín sí i. X nìkan ni wọn ò rí ẹni tó kọ irú rẹ̀ ṣáájú yín. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sí i tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́. Mo gbọ́ pé oníọṣẹ ń wá orúkọ tuntun fún ọṣẹ rẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

X yín wà nínú àpò yìí. Bí mo ṣe gé e náà ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dúró dè mí. Oògùn orúnkún ìyá mi ti wà nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ wálé, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ẹ ṣì fẹ́ rí mi. Mi ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.

Ọmọ yín ni, tí ẹ bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Wo lẹ́tà yìí dáadáa. K rẹ̀ ń tàpá, ẹ̀kán omi wà lábẹ́ Ọ rẹ̀. Ṣé o mọ ẹni tó kọ ọ́? Ẹ̀dà-Ọ̀gá ló ń kọ ọ́, èmi ló ń pè é. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mò ń jágbe mọ́ ọn bíi ti àtijọ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti sọ pé ọ̀dà òun ni.

Mo ti rí dókítà. Ó ní kò ní pa mí, kò sì ní lọ tán, oògùn á máa dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo wá sọ fún ìyá rẹ. Ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù kìíní, pé ta ni mo rò pé ó ń nu tíì tí mò ń dà sórí tábìlì. Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí, ọ̀kan ń rí i, kò sọ; ọ̀kan ń rí i, kò kà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́yà ti kọjá, a ò rí ẹnì kan. A ti fi férémù gbé lẹ́tà ìhàlẹ̀ wọn kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ tó mọ́ ni. Àwọn oníbàárà ń nawọ́ sí i, wọ́n ní irú ọwọ́ yẹn gan-an làwọn fẹ́. Alága ẹgbẹ́ wá wò ó, ó tún di inú mú.

X náà dé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, mo sì ti ń kọ́ Ẹ̀dà-Ọ̀gá. Tirẹ̀ ò tíì jọ ọ́. Mo fẹ́ nà án, mo rántí pé ó ti lọ́mọ nílé ìwé.

O bi mí ní ìbéèrè, mo sì ti kà á. Mo ti gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Àárọ̀ la wà, ìlà tó kù yìí sì máa gbọ̀n. Má tún un ṣe.

Máa bọ̀ nílé.